Láti Ọwọ́ Dé Ìrántí Ẹ̀rọ: Ìtàn Ìdarí Iná Orí Ìtàgé ní Agbègbè Ìkẹjà àti Agége

Ìfáàrà

Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń kọ ìtàn eré onítàgé Yorùbá, orúkọ òṣèré, orin, ìlù àti ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n máa ń gbé síwájú. Èyí kò burú, nítorí pé ohun tí etí gbọ́ rọrùn láti kọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí ó máa ń jókòó sínú òkùnkùn lẹ́yìn èrò ìwòran, tí kì í sọ̀rọ̀, tí kì í jó, síbẹ̀ tí ó jẹ́ pé òun ni ó ń pinnu ohun tí ojú yóò rí àti ohun tí ojú kò ní í rí. Ẹni náà ni adarí iná. Bí ó bá fa ọwọ́ sẹ́yìn, ọba tí ó wà lórí ìtẹ́ a di òjìji. Bí ó bá na ọwọ́, òjìji a di ọba. Ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì rí àfiyèsí tó bí ó ti yẹ.

Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ìtàn iṣẹ́ náà wò, pàápàá bí ó ti kan agbègbè ilé-iṣẹ́ tí ó nà láti Ìkẹjà dé Agége ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ohun mẹ́ta ni ó fẹ́ fi ìdí wọn múlẹ̀. Èkíní, iṣẹ́ àtọwọ́dọ́wọ́ ni ìdarí iná jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀: inú orí àti ọwọ́ ẹni tí ń ṣe é ni ó wà, gẹ́gẹ́ bí ìjálá ti wà lẹ́nu ọdẹ. Èkejì, ẹ̀rọ tí ó ní ìrántí sọ iṣẹ́ náà di àkọsílẹ̀. Ẹ̀kẹta, ní agbègbè yìí, nítorí irú orin tí ó gbilẹ̀ níbẹ̀ àti nítorí ìṣe iná mànàmáná Nàìjíríà, àkọsílẹ̀ náà kò lè lé ọwọ́ jáde.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú, ó yẹ kí a túmọ̀ ohun èlò mẹ́ta. Bọ́ọ̀dù iná ni tábìlì tí gbogbo ohun ìdarí iná wà lórí rẹ̀. Dímà ni ẹ̀rọ tí ń fi kún iná tí ó sì ń dín in kù. Iná arìn, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní mùfíǹ-hẹ́ẹ̀dì, ni iná tí ó ní mọ́tò nínú, tí ó lè yí ojú rẹ̀ sí ibi tí bọ́ọ̀dù bá rán an.

Iná Eré Kí Mànàmáná Tó Dé

Eré àwọn Yorùbá àtijọ́ kò ṣàìní ọgbọ́n iná. Àwọn alárìnjó, tí ìwádìí J. A. Adédèjì ti fi hàn pé ààfin Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá, sábà máa ń ṣeré ní ọ̀sán. Oòrùn ni iná wọn, kò sì sí ẹni tí ó lè darí oòrùn. Ṣùgbọ́n òru ni ti Ẹ̀fẹ̀, tí ó jẹ́ apá kan ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láàrin àwọn ará Kétu àti Ẹ̀gbádò, ọdún tí àjọ UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú ogún àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, òkùnkùn pàápàá jẹ́ ohun èlò eré. Ohùn a kọ́kọ́ dé etí kí ojú tó rí ẹni tí ó ni ín. Ní àwọn ìlú kan, Agbéná a máa ru iná wọ agbo, kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé ohun tí ó tóbi ń bọ̀. Ìlànà kan wà nínú èyí tí kò tíì yí padà títí di òní: iná tí ó tàn sí ibi gbogbo kò tọ́ka sí nǹkan kan, iná tí ó yan ibì kan ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Òkúdù 1944, Hubert Ògúǹdé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó dá lórí ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run, wọ gbọ̀ngàn Glover Memorial ní Èkó. Àwọn òpìtàn ti sọ púpọ̀ lórí ohun tí ọjọ́ yẹn mú bá orin àti ìgbékalẹ̀ eré. Èyí tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí ni pé gbọ̀ngàn ní òrùlé. Bí eré ti wọ abẹ́ òrùlé ní alẹ́, oòrùn kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò tan iná, tí yóò sì pa á. Nígbà tí ẹgbẹ́ Ògúǹdé àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ìlú dé ìlú, ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n dé ni kò ní iná mànàmáná. Àtùpà gáàsì ni wọ́n ń gbé kọ́. Nígbà tí ó yá, ẹ̀rọ amúnáwá di ọ̀kan pàtàkì nínú ẹrù ọkọ̀ wọn. Àtùpà gáàsì kò gbọ́ràn bí iná mànàmáná. Ẹni tí ó bá fẹ́ òkùnkùn lójijì ní láti gbé e kúrò tàbí kí ó fi nǹkan bò ó. Nítorí náà ara gbogbo ni adarí iná ìgbà náà fi ń ṣiṣẹ́: ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn, ọwọ́ rẹ̀ ń gbé, etí rẹ̀ sì wà lẹ́nu òṣèré kí ó má baà ṣáájú ọ̀rọ̀.

Dúró Ládiípọ̀ lọ jìnnà sí i. Nínú Ọba Kò So, tí ó jáde ní 1963, tí wọ́n sì gbé lọ sí àjọ̀dún eré ní ìlú Berlin ní 1964, Ládiípọ̀ tí ó ṣe Ṣàngó a máa yọ iná lẹ́nu. Níbi yìí òṣèré àti adarí iná di ẹnì kan ṣoṣo. Iná kò fi Ṣàngó hàn. Iná ni Ṣàngó. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé kò sí ibi tí a kọ ọgbọ́n náà sí nínú ọ̀rọ̀ eré tí a tẹ̀ jáde. A lè ka ohun tí Ṣàngó sọ; a kò lè ka bí iná rẹ̀ ti ga tó, tàbí bí òkùnkùn tí ó tẹ̀ lé e ti pẹ́ tó.

Ilẹ̀ Oko Tí Ó Di Ilẹ̀ Ẹ̀rọ

Ilẹ̀ Àwórì ni Ìkẹjà àti Agége. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896 gba Agége kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kòkó àti obì ni a fi mọ Agége. Ní òpin àwọn ọdún 1950, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ìkẹjà wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, pín ilẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ níbẹ̀. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní Ìkẹjà ní 1962. Dunlop ń ṣe táyà. Cadbury fìdí kalẹ̀ sí Agídíńgbì láàrin àwọn ọdún 1960. Ní ọjọ́ 27 oṣù Èbìbí 1967 ni a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, Ìkẹjà sì di olú-ìlú rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Iná mànàmáná ni ẹ̀mí gbogbo èyí. Ibùdó amúnáwá Ìjọ́ra ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1923. ECN gba àkóso iná ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. A sì pa òun àti àjọ tí ń bójú tó ìsédò Kainji pọ̀ di NEPA ní 1972. Ilé-iṣẹ́ ńlá kò lè fi wáyà ilé ṣe ẹ̀rọ rẹ̀. Fíìsì mẹ́ta ni ó ń lò, ẹrù iná sì gbọ́dọ̀ pín dọ́gba lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wáyà a gbóná, fíúsì a sì já. Ìṣirò yìí kan náà ni ti orí ìtàgé: ẹni tí ó fẹ́ tan ọgọ́ta iná ńlá lẹ́ẹ̀kan náà ní láti pín wọn sórí fíìsì mẹ́ta, ogún-ogún. Nínú ìmọ̀ yìí, ilé-iṣẹ́ àti ilé-eré jẹ́ ọmọ ìyá.

Orúkọ kan wà ní Agége tí ó yẹ kí òpìtàn iná má ṣe fojú fò dá. Pen Cinema ni gbogbo ará Èkó ń pe oríta ńlá ibẹ̀. Ilé sinimá tí ó ni orúkọ náà ti di ìtàn, ṣùgbọ́n awakọ̀ ṣì ń pe orúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́, afárá tí a ṣí síbẹ̀ ní 2021 sì tún jẹ́ orúkọ kan náà. Ibi tí ènìyàn ti ń jókòó sínú òkùnkùn wo iná lára ògiri ti wọ inú èdè ìlú. Ní 1980, lábẹ́ ìṣàkóso Lateef Jákàńdè, ìpínlẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀ ní Agídíńgbì. Iná tẹlifíṣọ̀n yàtọ̀ sí ti ìtàgé, nítorí pé ojú kámẹ́rà kò gba òkùnkùn bí ojú ènìyàn. Síbẹ̀ ó fi iṣẹ́ iná hàn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ oṣù àti iṣẹ́ ọwọ́ tí ọmọdé lè kọ́ lẹ́yìn ọ̀gá.

Bí Ìrántí Ṣe Wọ Inú Ẹ̀rọ

Láti lóye ohun tí ó dé bá agbègbè yìí, ó pọn dandan kí a bojú wo ìta. Ní òpin 1881, ilé-eré Savoy ní London fi gílóòbù Joseph Swan, tí iye wọn súnmọ́ 1,200, tan iná mànàmáná sí orí ìtàgé àti sí ibi ìjókòó. Dímà àkọ́kọ́ kò ju wáyà tí ń fa iná sẹ́yìn lọ. Òmíràn jẹ́ ìkòkò omi iyọ̀ tí a ti irin méjì bọ̀: bí irin bá súnmọ́ra, iná a lé sí i, bí wọ́n bá jìnnà síra, iná a rọ̀. Ẹrù iná fúnra rẹ̀ ni ó ń gba abẹ́ ọwọ́ oníṣẹ́ kọjá, ibẹ̀ a sì máa gbóná. Bí eré bá tóbi, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò dúró ti ọ̀pọ̀ ọ̀pá, kí wọ́n lè jùmọ̀ fà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ní 1957, ilé-iṣẹ́ General Electric ti Amẹ́ríkà gbé ohun kékeré kan jáde tí a wá mọ̀ sí thyristor. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé iná kékeré a máa pàṣẹ fún iná ńlá. Láti ìgbà náà ni bọ́ọ̀dù àti dímà ti pínyà: dímà dúró sí ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú wáyà ńlá rẹ̀, bọ́ọ̀dù sì di ohun tí a lè gbé sórí tábìlì. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé àṣẹ lásán ni bọ́ọ̀dù ń gbé, kò sí ohun tí ó ní kí kọ̀ǹpútà má lè rántí àṣẹ. Ní 1975, Tharon Musser lo bọ́ọ̀dù tí ó ní ìrántí fún eré A Chorus Line ní Broadway, ní New York. Ní 1981, ẹgbẹ́ olórin Genesis kọ́kọ́ gbé iná arìn Vari-Lite jáde ní Barcelona. Ní 1986, ẹgbẹ́ USITT ti Amẹ́ríkà ṣe òfin kan fún gbogbo ẹ̀rọ iná, tí a ń pè ní DMX512, kí bọ́ọ̀dù ilé-iṣẹ́ kan lè bá dímà ilé-iṣẹ́ mìíràn sọ̀rọ̀.

Òfin kẹta yìí ni ó ṣe pàtàkì jù fún ilẹ̀ tí kì í ṣe ẹ̀rọ ṣùgbọ́n tí ó ń rà á. Kí ó tó dé, ẹni tí ó ra bọ́ọ̀dù kan ti di ẹrú ẹni tí ó tà á. Lẹ́yìn rẹ̀, oníṣẹ́ ní Èkó lè ra bọ́ọ̀dù láti ibì kan, dímà láti ibì kejì, iná arìn láti ibì kẹta, kí gbogbo wọn sì gbọ́ èdè kan náà.

Ìgbì àti Ìrìn

Ohun tí òfin náà sọ kò le. Wáyà kan a máa gbé àlàyé 512, àlàyé kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ nọ́ńbà kan láti 0 dé 255. Bọ́ọ̀dù a máa tún gbogbo wọn sọ títí. Bí ó bá ń rán gbogbo 512, ó lè tún wọn sọ nǹkan bí ìgbà 44 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gílóòbù lásán gba nọ́ńbà kan. Iná arìn gba púpọ̀: ọ̀kan fún títàn rẹ̀, àwọn mìíràn fún àwọ̀, méjì fún yíyí sọ́tùn-ún sósì, méjì fún gbígbé ojú sókè sódò.

Ìdí tí ó fi jẹ́ méjì yẹ fún àlàyé. Ọ̀pọ̀ iná arìn lè yí dé dígírì 540. Bí a bá pín èyí sí 256, ìgbésẹ̀ kan a ju dígírì méjì lọ. Bí òṣèré bá dúró ní mítà 20 sí iná, ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ti fo nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 73. Ojú yóò rí i pé iná ń tọ, kì í rìn. Nígbà tí a bá fi nọ́ńbà kejì tún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan pín sí 256, ìgbésẹ̀ a di 65,536, fífò náà a sì dín sí nǹkan bí mìlímítà mẹ́ta. Nígbà náà ni iná tó lè tẹ̀ lé oníjó bí ojú ṣe ń tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè jókòó kí ó máa kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ohun tí bọ́ọ̀dù ń fún oníṣẹ́ ni ìgbì. Ìgbì a máa gòkè, a máa sọ̀ kalẹ̀, kò sì ń rẹ̀ ẹ́. Ohun mẹ́ta ni oníṣẹ́ yóò pinnu nípa rẹ̀: bí yóò ti ga tó, bí yóò ti yára tó, àti bí iná kan yóò ti gbẹ́yìn èkejì tó. Ká ní iná mẹ́jọ wà ní ìlà, tí ìgbì kan sì ń lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Bí gbogbo wọn bá gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, ìtàgé yóò máa mí bí ẹ̀dọ̀fóró. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá gbẹ́yìn èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yóò máa rìn láti òpin kan dé òpin kejì láìjẹ́ pé iná kankan ṣí kúrò ní àyè rẹ̀. Bí àwọn àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta, ìkarùn-ún àti ìkeje bá ń gòkè nígbà tí àwọn yòókù ń sọ̀ kalẹ̀, wọn yóò máa dá ara wọn lóhùn.

Ẹni tí ó bá mọ dùndún kò ní í pẹ́ lóye èyí. Ìyáàlù, kẹríkẹrì, gángan àti gúdúgúdú kì í lu ojú kan náà ní àkókò kan náà. Bí gbogbo wọn bá lù pọ̀, ariwo ni. Àlàfo tí ó wà láàrin wọn ni ó ń di orin. Ohun tí ó wà láàrin ìlù àti ìlù ni ó wà láàrin iná àti iná.

Ìrìn pẹ̀lú, ìgbì ni. Bí ìgbì kan bá ń yí iná sọ́tùn-ún sósì, tí òmíràn tí ó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ sì ń gbé e sókè sódò ní àkókò kan náà gan-an, iná yóò máa lọ yóò máa bọ̀ lórí ìlà kan tí ó dagun. Bí èkejì bá fi ìdá mẹ́rin ìgbì gbẹ́yìn, ìlà náà a di òbírí. Bí gbígbé sókè bá yára ní ìlọ́po méjì, òbírí a di àwòrán òǹkà 8. Inú àlàfo ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde.

Òfin méjì mìíràn wà tí ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí àṣẹ méjì bá dé bá dímà kan, èyí tí ó ga jù ni ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ń tẹ̀ lé, nítorí ìmọ́lẹ̀ méjì lè gbé pọ̀. Ṣùgbọ́n iná arìn kò lè kọjú sí ibi méjì. Nítorí náà àṣẹ tí ó dé kẹ́yìn ni ó ń borí. Ààfin kan kì í gba ọba méjì. Láti inú òfin kejì ni àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ti ń wá: oníṣẹ́ a pe àṣẹ tuntun, iná a sì sáré la ojú àwọn ènìyàn kọjá kí ó tó dé ibi tí a rán an. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí iná kọ́kọ́ rìn nínú òkùnkùn, kí ó dé àyè rẹ̀, kí ó tó tàn. Ọgbọ́n òru Ẹ̀fẹ̀ ni èyí, tí ó tún padà wá nínú ẹ̀rọ.

Ìtàgé Tí Kò Fẹ́ Àkọsílẹ̀

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, à bá wí pé àkọsílẹ̀ ti ṣẹ́gun. Eré tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yí padà, tí a ń ṣe ní alaalẹ́, yẹ fún ìrántí ẹ̀rọ: oníṣẹ́ a tẹ bọ́tìnnì kan, gbogbo ohun tí a kọ a sì jáde. Ṣùgbọ́n orin tí ó sọ Ìkẹjà di olókìkí kì í ṣe irú bẹ́ẹ̀.

Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kọ́kọ́ ní Shrine rẹ̀ ní Empire Hotel, ní Ìdí-Orò. Ní ọjọ́ 18 oṣù Èrèlé 1977, àwọn ọmọ-ogun jó ilé rẹ̀, Kalakuta, tí ó wà ní òpópónà Agége Motor Road. Lẹ́yìn náà ni Shrine kó wá sí òpópónà Pepple ní Ìkẹjà. Fẹlá kú ní ọjọ́ 2 oṣù Ògún 1997. Ní 1998 ọmọ rẹ̀ Yẹni bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún Felabration, tí ó ń wáyé ní oṣù Ọ̀wàrà, oṣù tí a bí Fẹlá. Ní 2000 àwọn ọmọ rẹ̀ ṣí New Afrika Shrine ní Agídíńgbì.

Gbogbo ẹni tí ó mọ̀ nípa iṣẹ́ Fẹlá mọ̀ pé orin rẹ̀ gùn, pé ó lè dá ìlù dúró láti bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀, àti pé nígbà tí ó bá ti ká orin sínú àwo, kì í sábà kọ ọ́ lórí ìtàgé mọ́. Kí ni adarí iná yóò ṣe pẹ̀lú irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀? Bí ó bá fi àwo ṣe ìpìlẹ̀ àkọsílẹ̀ rẹ̀, orin tí kò ní í wáyé ni ó kọ iná fún. Bí ó bá so iná mọ́ aago, ọ̀rọ̀ ẹnu olórin yóò já okùn náà. Ní ibi àjọ̀dún tí ẹgbẹ́ olórin kan ti ń bọ́ sílẹ̀ kí òmíràn gòkè, ìṣòro náà a di ìlọ́po, nítorí kò sí àyè láti bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dánra wò.

Ìdáhùn àwọn oníṣẹ́ sí ìṣòro yìí, ní Èkó àti níbikíbi tí orin ti ń rìn bẹ́ẹ̀, jọ ti onìjálá púpọ̀. Iṣẹ́ Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá, tí ó jáde ní 1966, ti jẹ́ kí a mọ̀ pé apohùn a máa kó oríkì àti ọ̀rọ̀ tí ó ti há sórí wọ agbo, a sì tò wọ́n bí ojú agbo bá ti rí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni adarí iná ń ṣe. Kì í kọ eré. Ọ̀rọ̀ eré ni ó ń kó jọ. Ó ti tọ́jú ibùdó sílẹ̀: ibi tí olórin dúró, ibi tí àwọn onífèrè wà, ojú àwọn ènìyàn, òkè àjà. Ó ti tọ́jú ìgbì sílẹ̀: èyí tí ń mí, èyí tí ń sáré, èyí tí ń yí òbírí. Nígbà tí orin bá bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọ̀kan lé ọ̀kan, ó sì ń fi ìka lu bọ́tìnnì ìyára ní ìbámu pẹ̀lú ìlù, kí ìgbì lè bá ẹsẹ̀ orin rìn. Bí olórin bá dákẹ́, òun náà a mú iná rọlẹ̀. Àkọsílẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni ó ń kà á.

Àǹfààní kejì wà nínú ọ̀nà yìí. Nítorí pé ìgbì ń yí ká ibùdó, bí ẹgbẹ́ bá kúrò ní gbọ̀ngàn kan lọ sí òmíràn, ibùdó nìkan ni oníṣẹ́ yóò tún ṣe; gbogbo ìgbì a sì bá a lọ. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò ń fẹ́ láti ìgbà Ògúǹdé nìyí: eré tí ó ṣe é dì sínú ọkọ̀.

Iná Tí Ó Lọ, Iná Tí Ó Dé

Òwe iná Nàìjíríà kò lè ṣàì wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. NEPA di PHCN ní 2005. Ní 2013 ìjọba fi pípín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́, agbègbè yìí sì bọ́ sí abẹ́ Ikeja Electric. Orúkọ yí padà ju ìṣe lọ. Ohun tí ó yẹ kí òpìtàn kíyè sí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹ̀rọ àtijọ́ àti ti ìgbàlódé nígbà tí iná bá lọ lójijì. Ọ̀pá dímà àtijọ́ a dúró sí ibi tí ọwọ́ fi í sí. Bí iná bá dé, ìtàgé a tún rí bí ó ti rí. Bọ́ọ̀dù tí ó jẹ́ kọ̀ǹpútà ní láti kọ́kọ́ jí, ohun tí a kò bá sì tíì tọ́jú sínú rẹ̀ ti lọ. Iná arìn ayé àkọ́kọ́, tí gílóòbù wọn gbóná púpọ̀, kò lè tàn padà àfi kí ó kọ́kọ́ tutù fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ̀rọ tí ó ní ìrántí ni ó gbàgbé. Ọ̀pá tí kò ní ọpọlọ ni ó rántí. Ìdí nìyí tí bátìrì tí ń gbé bọ́ọ̀dù ró fi jẹ́ ohun tí oníṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi sílé.

Owó pẹ̀lú ń darí iná. Ní oṣù kẹrin 2024, àjọ tí ń ṣe àkóso iná gbé owó àwọn oníbàárà ipò àkọ́kọ́ láti ₦68 lọ sí ₦225 fún kílówáàtì kan láàárín wákàtí kan. Bí ilé-eré kan bá tan ọgọ́ta iná oníwáàtì 1,000 fún wákàtí mẹ́rin, iná 240 ni yóò jẹ, owó rẹ̀ a sì jẹ́ ₦54,000. Bí ó bá fi LED oníwáàtì 200 rọ́pò wọn, owó náà a wálẹ̀ sí ₦10,800. Kò sí ẹni tí yóò wo ìṣirò yìí kí ó má yan èkejì. Síbẹ̀ nǹkan kan bá a lọ. Wáyà gílóòbù àtijọ́ kì í gbóná lójijì, kì í sì í tutù lójijì. Ó máa ń fúnra rẹ̀ mú ìgbì rọ̀. LED a máa gbọ́ àṣẹ lójú ẹsẹ̀, nítorí náà bí ìgbì bá ń sọ̀ kalẹ̀ súnmọ́ òkùnkùn, ojú lè rí àtẹ̀gùn níbi tí ó ti ń retí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọgbọ́n tí gílóòbù ń fi ooru ṣe, oníṣẹ́ ní láti fi ìṣirò ṣe é.

Láàrin 2015 àti 2019, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Akínwùmí Ambode kọ́ ilé-eré sí Òrégùn, Ìgándò, Ẹ̀pẹ́ àti Badagry. Ti Òrégùn wà láàrin àwọn ilé-iṣẹ́ gan-an. Ilé ti wà; ìbéèrè tí ó kù ni ti ìtàn. Ọ̀rọ̀ eré tí a bá ṣe níbẹ̀ yóò wà lórí ìwé, orin rẹ̀ yóò wà nínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Níbo ni iná rẹ̀ yóò wà?

Ìkádìí

Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni ó mú ìtàn yìí ṣe pàtàkì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà Agbéná, iná eré ní àkọsílẹ̀. Ohun tí kò sí ẹni tí ó lè sọ fún wa nípa òkùnkùn tí ó tẹ̀ lé iná Ládiípọ̀, bọ́ọ̀dù lè sọ ọ́ nípa eré àná: bí ìgbì ti ga tó, bí ó ti yára tó, ibi tí iná kọjú sí, iye ìṣẹ́jú àáyá tí ó fi kú. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tí ó wà nínú ẹ̀rọ kan a máa bá ẹ̀rọ náà kú. Díìsì tí bọ́ọ̀dù àtijọ́ ń lò kò rí bọ́ọ̀dù tí yóò kà á mọ́. Eré tuntun a sì máa gba àyè eré àná nínú ìrántí. Ohun tí ó bọ́ lọ́wọ́ ìgbàgbé ọwọ́ lè kó sọ́wọ́ ìgbàgbé ẹ̀rọ.

Ojúṣe méjì ni ó já lé àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ eré àti ti ìtàn léjìká. Èkíní ni kí wọ́n máa gba àkọsílẹ̀ iná gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń gba ọ̀rọ̀ eré, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tí ojú lásán lè kà. Èkejì ni kí wọ́n tọ àwọn tí ó gbé àtùpà gáàsì, tí ó fa ọ̀pá dímà, tí ó sì fi ìka lu ìyára ìgbì lọ, kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà. Nítorí ìdajì àkọsílẹ̀ ni ti ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ lè sọ pé iná dín kù ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ẹni tí ó wà nídìí rẹ̀ nìkan ni ó lè sọ pé ohùn olórin ni ó kọ́kọ́ rọlẹ̀.